Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa: Ọ̀dà Pupa Tó Wà Lára Igi Ọdán

Alága wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ká ní inú ilé la wà ni, ọmọ àbúrò mi lẹ bá jẹ́, "ìwọ" ni ǹ bá sì máa pè yín. Ṣùgbọ́n ipò ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ipò kì í ṣọmọdé. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹta ọdún yìí, ojú ewé Facebook ìjọba ìbílẹ̀ wa gbé àwòrán yín jáde. Ẹ wọ agbádá búlúù, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ ń kí gbogbo ará ìlú kú Ọjọ́ Ìdùnnú Àgbáyé, pé kí oníkálukú ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ohun kékeré tí Ọlọ́run fún un. Ọmọ-ọmọ mi ló fi hàn mí lórí fóònù. Mo ṣe àmín. Ọjọ́ kẹsàn-án sí i, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé agolo ọ̀dà dé, wọ́n fa X pupa gàdàgbà sára igi ọdán iwájú ọjà, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn: kí a kó ẹrù wa kúrò láàárín ọjọ́ 21, wọ́n fẹ́ gé igi lulẹ̀, ṣọ́ọ̀bù 24 ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ọ̀dà ò tíì gbẹ nígbà tí mo débẹ̀. Ó ń ṣàn wálẹ̀ lára èèpo igi, ó ń kán tó tó sórí àga bàbá télọ̀.

Ohun kékeré tí Ọlọ́run fún wa nìyẹn, Alága. Igi náà ni.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bú yín. Mo ti kọ méjì sí ọ́fíìsì yín ṣáájú, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé wọn lọ, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Èsì ò wá. Ọdún 35 ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2009. Mo mọ ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tí wọ́n wá tì mọ́ inú àpótí tábìlì, nítorí èmi náà ti ti ọ̀pọ̀ mọ́ ibẹ̀ rí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba nìyí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí a ṣe ń to ẹ̀sùn.

1. Nínú ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ igi, ẹ pe ibẹ̀ ní "ilẹ̀ tó ṣófo". Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ tó ṣófo náà.

Ìyá alákàrà ló máa ń kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Bí òórùn epo bá ti ń ta láti inú agbada rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn á tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àwa ẹgbẹ́ a-kà-má-rà á sì yí i ká. (Ó ti pẹ́ tí kò ti bínú sí wa mọ́. Ó ní èrò tó yí òun ká ló ń jẹ́ kí ẹni tó máa rà dúró wò.) Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, bàbá télọ̀ ti ṣí maṣíìnì. Lọ́sàn-án, àwọn ọlọ́kadà á wá sá oòrùn, ẹlòmíràn a tilẹ̀ sùn sórí ọ̀kadà rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà lọ́wọ́ iwájú. Ọmọ tó bá sọnù nínú ọjà, abẹ́ igi ni wọ́n ń mú un wá, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì mọ̀ pé òun á ti rí i. Gbogbo wa la máa ń pòwe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ní láti ríbi jókòó lọ́jà ná.

Aago mẹ́rin ni ọpọ́n ayò ń jáde. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa ń ta ayò. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Olówó ò lè fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀, akúṣẹ̀ẹ́ ò sì ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kápẹ́ńtà, ṣọ́jà àná, ẹni tó ń tún bàtà ṣe: bí wọ́n bá ti jókòó tì í, kò sí oyè kankan mọ́ àfi ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, àti òpè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Owó kì í sí nídìí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíràn, ìyà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹnu ńkọ́! Kápẹ́ńtà tó jẹ́ ọ̀ta wa kò ní jẹ ọmọ ayò ẹyọ méjì kó má fi ọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn: "Òpè, ilé rẹ ń jó, ìgbálẹ̀ lo mú dání!" Ẹ̀rín á sọ láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta. Ẹni tí wọ́n bú gan-an ni yóò rẹ́rìn-ín jù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti palẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa pàdánù ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé. Nígbà tí òkú sísìn parí, àwọn ọmọ padà sí Èkó àti Àbújá, wọ́n ní láti padà, a ò lè dá wọn lẹ́bi. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sábẹ́ igi lójoojúmọ́. Á jókòó sórí gbòǹgbò kan tó yọ síta, kò ní sọ̀rọ̀. Bí a bá kí i, á mi orí. A ò bi í ní nǹkan kan. Kí la fẹ́ bi í? Bàbá télọ̀ kàn máa ń ti àkàrà méjì sí i lọ́wọ́, á sì padà sídìí maṣíìnì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mò ń ta ayò lọ́wọ́, mo ti na ọwọ́ sí ilé kejì mi, ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Kì í ṣe ìyẹn. Tú ìkarùn-ún." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo tú ìkarùn-ún. Mo jẹ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò pariwo, a ṣe bí ẹni pé ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀ láti àná. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dákẹ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wá pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ báyìí, ó ti ń yọ wá lẹ́nu.

Alága, ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ tó wà ní sẹkitéríàtì yín, èwo ni ì bá ti ṣe iṣẹ́ tí igi yẹn ṣe?

3. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wá bá yín lóṣù kejì nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n, mo wà nínú gbọ̀ngàn náà, mo bá wọn wá ni. Ẹ sọ pé: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ní ìtẹ́lọ́rùn." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mi ò pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ìtẹ́lọ́rùn. Mọ́ṣáláṣí ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, wọ́n ń wàásù rẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọrùn ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, ọrùn tèmi ló tẹ́, èmi tí mo ni ọrùn ni mo sì lè jẹ́rìí sí i. Ẹlòmíràn kì í dúró lórí pèpéle kó máa bá mi sọ pé ó ti tẹ́ mi lọ́rùn, pàápàá ẹni tí owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kejì tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ìyà ló fi kọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní ilé orí ara mi, mo ní ìyàwó, owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n ka ohun tí mo ní, mo ní i. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó ti tẹlifíṣàn láti àárọ̀ dalẹ́, tí mò ń bá ìyàwó mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ọbẹ̀ tí mo ti ń jẹ fún ọgbọ̀n ọdún tí n ò rí wí. Òun ló lé mi jáde. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ yín lábẹ́ igi, kí ilé yìí lè simi." Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ igi náà kọjá láti ìgbà tí mo ti wà ní géńdé, fáìlì lábẹ́ apá, mò ń wo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bí ọ̀lẹ. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn sún fún mi ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe déédéé.

Ìtẹ́lọ́rùn tí ẹ ń wàásù rẹ̀, bẹ́ńṣì ló ń jókòó lé. Ẹ wá bẹ́ńṣì náà wò kí ẹ tó gbé e.

4. Ẹ jẹ́ ká wo òfin, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti lo ọ̀rọ̀ "òfin" lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìwé yín láìdárúkọ ọ̀kan.

Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 16, sọ pé kí ìjọba darí ọrọ̀ ajé lọ́nà tí ìgbáyégbádùn, òmìnira àti ìdùnnú gbogbo ọmọ ìlú yóò fi dé góńgó. Ìdùnnú, Alága. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Abala 17 tẹ̀ lé e, ó ní kí ètò tó péye wà fún fàájì, fún ìgbé ayé àwùjọ, fún ẹ̀sìn àti àṣà. Mo mọ ohun tí agbẹjọ́rò yín máa sọ, nítorí mo ti gbọ́ ọ ní kóòtù títí etí fi di: orí kejì ìwé òfin ni àwọn abala wọ̀nyẹn wà, abala 6 sì sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè fi í mú ìjọba. Òótọ́ ni. A ò lè pè yín lẹ́jọ́ lórí ìdùnnú. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò ìwé ìpẹ̀jọ́. Gbèsè tí a kò lè fi kóòtù gbà, ṣé ìyẹn wá sọ pé a kò jẹ ẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ojú pópó wà níbẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀, ọgbà ìtura àti ìta gbangba náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀. "Ilẹ̀ tó ṣófo" tí ẹ pè é, orúkọ tí òfin pè é nìyẹn: ìta gbangba.

Ọjọ́ tí ẹ fi kí wa náà ní ìtàn tirẹ̀. Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré kan tó wà láàárín Íńdíà àti Ṣáínà, ló gbé e síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọba wọn, Jigme Singye Wangchuck, tó gorí ìtẹ́ ní 1972, ló ti sọ ọ́ pé ìdùnnú ará ìlú ṣe pàtàkì ju iye owó tó ń wọlé lọ. Ní 2012 ni Àjọ náà fọwọ́ sí 20 oṣù kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá Bhutan ṣọdún, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé òfin wọn ti 2008? Igbó kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn títí ayé. Àwa, igi ẹyọ kan là ń bẹ̀bẹ̀ fún.

5. Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò ríṣẹ́ ṣe ni mò ń sọ. Ní 2019, ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí Lọ́ńdọ̀n, ní Peckham, mo lo oṣù mẹ́ta. Ní Rye Lane, òpópónà ọjà ibẹ̀, mo rí iṣu, mo rí ẹlẹ́ja tó kí mi ní "Bàbá, ẹ káàárọ̀", ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní òpópónà tí ọmọ mi ń gbé, aago méje àárọ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń jáde, aago méje alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Ilé móoru, oúnjẹ kún fíríìjì. Mo di ẹni tó ń wo ìta lójú fèrèsé. Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà ní òdìkejì, òun náà wà ní fèrèsé tirẹ̀. Láràárọ̀ á juwọ́ sí mi, èmi náà á juwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta. A ò sọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wálé, ó rí báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde sínú òtútù pẹ̀lú bàtà inú ilé, ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè jù ú sílẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kìn-ín-ní 2018, ìjọba Theresa May, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ti yan mínísítà kan, Tracey Crouch, láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tí ìdánìkanwà ń bá fínra. Àwọn tó lówó jù wá lọ, wọ́n ń ná owó láti wá ohun tí ẹ fẹ́ fi ayùn gé danù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń tọpa ìgbésí ayé àwọn èèyàn kan láti 1938, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé àjọṣe tó dán mọ́rán ló ń ran ọjọ́ ogbó lọ́wọ́ jù. Mo ka ìyẹn nínú ìwé ìròyìn. Lábẹ́ igi. Mi ò rà á.

6. Àwáwí mẹ́ta ni ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kí n dáhùn wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́.

Ẹ ní ẹ̀ka igi náà léwu. Òótọ́ ni, ẹ̀ka kan wó nínú ìjì tó kọjá, ó fọ́ iná iwájú ọ̀kadà kan. Àwa la dáwó tún un ṣe. Ẹ̀ka tó ti gbẹ, ẹ rán èèyàn wá kó gé e, a ó di àkàbà mú fún un.

Ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ nílò ṣọ́ọ̀bù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjà wa kan náà, ọgbọ̀n ṣọ́ọ̀bù ni alága tó ṣáájú yín kọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn débẹ̀, mo kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan: 18 ló wà ní títì pa. Koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà mọ́kànlá. Wọ́n ní owó orí rẹ̀ ga jù, kò sì síná. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wọ ìyẹn ná. Nínú àwọn tó ṣí, mẹ́ta ni ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yín ń jókòó sí báyìí, Alága, nítorí ibẹ̀ ni àga wà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tó ń rí níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, fáànù wọn ń ṣiṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó bá fún èèyàn ní ìjókòó àti atẹ́gùn ló máa ni í.

Ẹ ní nítorí owó ni. Àwáwí yìí ló le jù láti gbà. Láti 11 oṣù keje 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí àpò ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà ìpolongo ìbò yín, ẹ sọ fún wa pé ìdájọ́ náà máa yí nǹkan padà. Ó ti yí i padà lóòótọ́: tẹ́lẹ̀, bí nǹkan ò bá lọ, a máa ń sọ pé gómìnà ló di owó mú.

7. Nígbà tí mo ka èyí tí mo kọ́kọ́ kọ nínú lẹ́tà yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tó wà lábẹ́ igi, gbogbo wa ń mi orí, àfi ìyá alákàrà. Ó da ẹ̀wà sínú epo, ó ní: "Ẹ̀yin ọkùnrin ń jà nítorí ibi ìjókòó. Ọdún 19 rèé tí mo ti wà lábẹ́ igi yìí, ẹ bi mí bí mo ti jókòó rí kí iná má wà níwájú mi. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí, ilé onílé ni mò ń bẹ̀. Ẹ fi ìyẹn náà síbẹ̀."

Mi ò rí èsì fún un. Mo fi síbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ará ìlú náà wà nínú Àfikún Kẹrin, lábẹ́ iṣẹ́ yín. Mo ti ń ka ojú ewé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ojú mi ń fo ìlà náà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo ń fà á yọ sí gbangba bí mo ṣe ń fa tiyín yọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹ fagi lé àṣẹ pé kí wọ́n gé igi náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, mo ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí. Kí ẹ rán ẹni tó mọ̀ nípa igi wá láti wò ó, kó gé èyí tó gbẹ nìkan. Kí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù 18 tó wà lẹ́yìn ọjà, kí ẹ dín owó orí wọn kù, kí ẹ tó ronú kan 24 mìíràn. Kí ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, ti obìnrin lákọ̀ọ́kọ́, kí omi sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ńṣì mẹ́fà, onísìmẹ́ńtì, kí a má baà máa gbé e wọlé lálẹ́. Kí ẹ sì san owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Mo mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn yìí kò sí lára ọ̀rọ̀ igi, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn kan náà ni ẹ ti wàásù fún wọn.

Ọ̀dà pupa náà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí rẹ̀. Bàbá télọ̀ ti fi kànìnkànìn àti kẹrosíìnì nu díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù ń fi ara pamọ́ sínú èèpo.

Nínú ọjọ́ 21 tí ẹ fún wa, mẹ́jọ ló kù. Ẹ kò nílò láti kó ọlọ́pàá wá, ẹ kò sì nílò oníròyìn. Ẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, kí ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ níwájú pósítọ́fíìsì kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Àyè kan wà lápá ọ̀tún kápẹ́ńtà. Ẹsẹ̀ kan bẹ́ńṣì náà kúrú, kí ẹ tó jókòó, ẹ fi bulọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ yẹn tì í. Òpè la ó kọ́kọ́ máa pè yín. Gbogbo wa ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, lábẹ́ igi ọdán.